Àpáta Bùsà tó gbé òyìnbó mì: Ẹ̀kọ́ ńlá fún ẹni tó ń wọkọ̀ ní Ìgbògbò

Ọ̀sà kì í pariwo. Ẹni tó bá dé èbúté Baiyeku lọ́wọ́ àárọ̀, tó ń lọ sí apá Lángbàsà lọ́nà Àjá, á rí i pé omi dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó ń sùn. Ìyá ẹlẹ́ja á gbé agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, kafíńtà á gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ sẹ́sẹ̀, awakọ̀ á fa okùn ẹ́ńjìnnì, ó di òdìkejì. Nítorí pé omi yìí kì í pariwo, ọ̀pọ̀ èèyàn ti gbà pé kò lè ṣe nǹkan kan. Wọ́n á ní omi tó ń pani ni èyí tó ń ru gùdù, tó ń hó yaya láàárín àpáta.

Ó dáa. Irú omi bẹ́ẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà níbí, kì í ṣe àlọ́ o. Bùsà ló wà, lórí Odò Ọya, nílẹ̀ Ìbàrìbá tó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Niger lónìí. Omi náà ló gbé Mungo Park, òyìnbó ará Scotland tí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé pé òun ló “rí” Odò Ọya, bí ẹni pé àwọn tó ń pẹja níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ò lójú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú ìtàn yẹn wò dáadáa, ẹ ó rí i pé kì í ṣe àpáta nìkan ló pa ọkùnrin náà. Ohun tó pa á lọ́dún 1806 ṣì ń pa èèyàn lónìí, lórí omi tí kò ní àpáta kankan lójú.

Ọba Gólóbà fojú rí i

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà Ìkòròdú kò ṣàjèjì sí orúkọ Glover, òyìnbó tó ṣe olórí ìjọba l'Ékòó, tí wọ́n ń pè ní Ọba Gólóbà. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló wá lé àwọn Ẹ̀gbá tó dó ti Ìkòròdú kúrò lọ́dún 1865. Orúkọ rẹ̀ náà ni wọ́n fi sọ Glover Hall l'Ékòó, gbọ̀ngàn tí Hubert Ògúndé ti kọ́kọ́ ṣeré lọ́dún 1944. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé kí Glover tó di ẹni ńlá l'Ékòó, Odò Ọya ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Lọ́dún 1857, ó wà nínú ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Dayspring. Dókítà Baikie ni olórí wọn, Àjàyí Crowther tiwa náà sì bá wọn rìn. Ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì ni o, kì í ṣe ọkọ̀ ọpọ́n. Wọ́n tọ Odò Ọya gòkè wá títí dé Jẹ́bà. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ forí sọ àpáta níbẹ̀, ó fọ́. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ di ẹni tó ń pàgọ́ sétí odò. Láti ibẹ̀ ni Glover ti lọ wo Bùsà fúnra rẹ̀, tó rí i pé ọkọ̀ bíi tiwọn kò lè gba ibẹ̀ kọjá láé. Nígbà tó fẹ́ padà sí Èkó, ẹsẹ̀ ló fi gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá.

Ẹ sì wò ó, Jẹ́bà ni wọ́n wà tí ọkọ̀ wọn fi fọ́. Bùsà ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, ibẹ̀ sì le ju Jẹ́bà lọ.

Bí omi àárín àpáta ṣe ń ṣe

Odò Ọya gùn ju 4,000 kìlómítà lọ. Orí òkè ní ilẹ̀ Guinea ló ti ṣẹ̀, ó gba Mali kọjá, ó gba ilẹ̀ Niger, ó gba ẹ̀gbẹ́ Benin, kó tó wọ Nàìjíríà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ó fẹ̀ débi pé èèyàn ò ní dá ẹni tó wà ní òdìkejì mọ̀. Àmọ́ nígbà tó dé ilẹ̀ Bùsà, àpáta fún un mọ́ ọ̀nà tóóró.

Ẹ fojú inú wo ọjà ńlá kan tí òjò dédé ṣú lé lórí, tí gbogbo èrò inú rẹ̀ fẹ́ gba ẹnu géètì kan ṣoṣo jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe máa ti ara wọn? Bí omi ṣe ń ti ara rẹ̀ nìyẹn. Á sáré, á fò, á forí sọ òkúta, á hó funfun bí ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọṣọ. Níbòmíì, á máa yí po bí ìgbà tí ìyàwó ilé ń fi orógùn ro ọkà, ohun tó bá kó sí i á wọlẹ̀ lọ.

Àwọn tí wọ́n bí sétí irú odò bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n kà bí ẹni ń kàwé. Níbi tí omi bá ti dán, tó dúdú, tó sì rí ṣóńṣó bí ẹnu ọ̀bẹ láàárín funfun méjì, ọ̀nà ni. Níbi tó bá ti wú sókè róbótó bí ìrọ̀rí, tí kò sì hó, kí èèyàn yáa sá, nítorí àpáta ló bo ara rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn àpáta ńlá, omi máa ń yí padà sẹ́yìn, á sì rọlẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti lè mí kó tó tún kọjú sí wàhálà. Ẹni kan á dúró níwájú pẹ̀lú ọ̀pá, á máa ti ọkọ̀ kúrò lára òkúta. Ẹnì kejì á wà lẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀, á máa darí rẹ̀. Bí ẹni iwájú bá pariwo pé ọ̀tún, tí ẹni ẹ̀yìn bá rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ọkọ̀ ti dojú dé.

Ohun tó tún wá mú un le ni pé odò náà máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Omi òjò tó rọ̀ nítòsí máa ń kọ́kọ́ dé, ó máa ń pọ́n, ó máa ń dọ̀tí. Lẹ́yìn tí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ ti dé, omi tó ti Guinea àti Mali bọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé, tiẹ̀ máa ń mọ́, ó sì máa ń dúdú. Ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà lóṣù yìí lè má sí níbẹ̀ mọ́ lóṣù tó ń bọ̀. Ìwé kankan ò lè sọ ọ́. Ẹni tó sùn tó jí síbẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Kafíńtà kú tán, igi ọkọ̀ jẹrà

Lọ́dún 1796 ni Mungo Park kọ́kọ́ fojú kan Odò Ọya, ní Ségou tó wà ní Mali lónìí. Ìgbà yẹn, aláìní ni. Wọ́n ti jà á lólè, kò lówó lọ́wọ́, kò sì lẹ́gbẹ́. Obìnrin kan ló ṣàánú rẹ̀ ní Ségou, tó fún un lóúnjẹ, tó fún un ní ẹní tó sùn lé. Bó bá ti dé ìlú kan, á béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ onílé. Bó ṣe fi ìrẹ̀lẹ̀ rìn yẹn, ó padà délé láàyè.

Ìgbà kejì ló gbé ìbọn dání. Lọ́dún 1805, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un ní owó, wọ́n fún un ní sójà, wọ́n fún un ní kafíńtà mẹ́rin tó máa kan ọkọ̀ bí wọ́n bá dé odò. Àwọn òyìnbó tó tẹ̀ lé e kúrò ní Gambia lé ní 40. Àmọ́ òjò ká wọn mọ́nà. Ibà mú wọn, ìgbẹ́ ọ̀rìn mú wọn, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan bí adìẹ tí àrùn wọ inú ọgbà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa kúrò ní Sansanding lórí Odò Ọya, ní oṣù kọkànlá ọdún náà, òyìnbó márùn-ún péré ló kù, Park fúnra rẹ̀ nínú wọn. Orí ọ̀kan nínú àwọn sójà náà ti dàrú. Kafíńtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti kú.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ irú iṣẹ́ tí wọ́n wá ṣe. Ọkọ̀ ọpọ́n àlòkù méjì tí ìdajì igi wọn ti jẹrà ni Park àti sójà kan tó ń jẹ́ Abraham Bolton gé, tí wọ́n sì kàn pọ̀ mọ́ra. Ọjọ́ 18 ni wọ́n fi ṣe é. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6, ìdí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n sọ ọ́ ní Joliba, orúkọ tí àwọn Bambara ń pe odò náà. Kí Park tó wọ̀ ọ́, ó kọ lẹ́tà sílé pé bí gbogbo àwọn tó bá òun wá bá tiẹ̀ kú, òun ò ní padà lẹ́yìn.

Ọkàn akin ni o. Àmọ́ odò kì í wo ti akin.

Wọn ò kí onílé

Ẹni tó máa ń béèrè ọ̀nà lọ́dún 1796 kò béèrè mọ́. Ọ̀pọ̀ ìlú ni wọ́n gbà kọjá láìdúró kí ọba, láìsan owó ibodè. Ọkọ̀ tó bá sún mọ́ wọn, ìbọn ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó gba iwájú ilé onílé kọjá tó ń yìnbọn, ta ló máa sọ fún un pé kòtò ń bẹ níwájú?

Amadi Fatouma, tó ń fọ̀nà hàn wọ́n, sọ̀kalẹ̀ ní Yàúrì nítorí àdéhùn rẹ̀ ti pé. Bí wọ́n ṣe dorí kọ Bùsà láìsí ẹni tó ń fọ̀nà hàn wọ́n mọ́ nìyẹn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Fatouma ní ẹ̀bùn tí Park fi ránṣẹ́ sí ọba Yàúrì kò dé ọwọ́ ọba, ni ọba bá bínú, ló bá rán ọmọ ogun lọ dè wọ́n níbi tí àpáta ti fún odò pa. Àwọn ará Bùsà ní tiwọn sọ fún àwọn tó wá béèrè lẹ́yìn náà pé àwọn rò pé Fúlàní ni wọ́n, nítorí ogun Usman dan Fodio tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1804 ń jà káàkiri nígbà yẹn. Èyí tó wù kó jẹ́, ibì kan náà ni ìtàn méjèèjì parí sí. Ọkọ̀ há sáàárín àpáta, ọfà àti òkò ń bọ̀ láti òkè, Park àti àwọn tó kù bẹ́ sómi, omi sì gbé wọn lọ. Ìránṣẹ́ kan ṣoṣo ló yè é. Ọdún 1827 ni Thomas, ọmọ Park, wá bàbá rẹ̀ wá. Kò tiẹ̀ dé Bùsà. Gold Coast, tó ti di Ghana lónìí, ló kú sí.

Àwọn tó béèrè yè é

Lọ́dún 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì. Wọ́n gba Ọ̀yọ́ Ilé, wọ́n kí Aláàfin, wọ́n dé Bùsà ní oṣù kẹfà. Wọ́n fi oṣù mélòó kan wà láàárín Bùsà àti Yàúrì. Wọn ò bẹ́ sínú odò. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọba Bùsà ní òun máa kọ́kọ́ bi odò náà léèrè bóyá kí wọ́n lọ tàbí kí wọ́n má lọ. Àwọn òyìnbó mìíràn lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbéra ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n ní àṣẹ ọba lẹ́yìn, ìránṣẹ́ ọba sì bá wọn lọ nínú ọkọ̀. Wọ́n fojú winá ní ìsàlẹ̀ odò, wọ́n tiẹ̀ mú wọn nígbèkùn nílẹ̀ Ìgbò, ṣùgbọ́n wọ́n dé òkun láàyè. Àwọn ló fi han àwọn ará Yúróòpù pé Odò Ọya ń ṣàn wọ inú òkun lápá ibi tiwa níhìn-ín.

Lọ́dún 1896, Hourst, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé, tún ti Mali wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀, àlùmíníọ́mù ni wọ́n fi ṣe é, irin fúyẹ́fúyẹ́ bíi ti ìkòkò ìsebẹ̀. Ó dúró títí odò fi kún. Ó wá àwọn tó mọ ojú omi náà, wọ́n mú un kọjá láàárín àwọn àpáta Bùsà, ó sì dé òkun.

Ṣé ẹ rí i? Àpáta kan náà ni. Ẹni tí kò béèrè, ó gbé e mì. Ẹni tó béèrè, ó jẹ́ kó kọjá.

Ohun tó dunni níbẹ̀ ni pé àwọn tó mú wọn kọjá kò lórúkọ nínú ìtàn. Òkúta ìrántí wà ní Jẹ́bà títí di òní. Orúkọ Park àti ti Lander ló wà lára rẹ̀. Orúkọ ọmọkùnrin tó dúró síwájú ọkọ̀ tó ń fi ọ̀pá ti òkúta kúrò, kò sí níbẹ̀.

Wọ́n fi omi bo àpáta

Ẹni tó bá lọ sí Bùsà lónìí láti lọ wo àwọn àpáta yẹn, á pòfo. Lọ́dún 1964 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dáàmù Káínjì. Ó parí lọ́dún 1968, Ọ̀gágun Gowon sì ṣí i lọ́dún 1969. Odò Ọya wá di adágún ńlá tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 135. Àwọn tí wọ́n kó kúrò nílé bàbá wọn lé ní 40,000. Bùsà àtijọ́ wọ abẹ́ omi, òun àti àpáta tó pa Park. Ìlú tuntun tí wọ́n kọ́ ni wọ́n ń pè ní New Bussa. Iná Káínjì yìí ló tàn dé Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ilé iṣẹ́ iná Egbin tó dé sí ẹ̀gbẹ́ Ìgbògbò níbí.

Ẹnikẹ́ni á rò pé ewu ti tán. Omi ti bo àpáta, ojú odò ti tẹ́jú, ó ti dà bí ọ̀sà tiwa. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2021, ọkọ̀ kan gbéra lágbègbè Káínjì yìí kan náà, ó ń lọ sí Warrah ní Ìpínlẹ̀ Kebbi. Èrò bíi 80 ló yẹ kó gbé. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ lé ní 160. Ọkọ̀ náà kán sí méjì lójú omi. Òkú tí wọ́n rí gbé jáde lé ní 90.

Lọ́dún 2023, ní oṣù kẹfà, àwọn ará Pàtígì ní Ìpínlẹ̀ Kwara ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ lóru, lórí Odò Ọya yìí náà. Ọkọ̀ wọn kọlu ìtì igi kan tó wà lábẹ́ omi. Àwọn tó kú lé ní 100, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará ilé kan náà.

Kò sí ọfà níbẹ̀, kò sí ọmọ ogun kankan. Ọkọ̀ àkúnfàya ni, òru ni, igi tí ẹnikẹ́ni ò rí ni. Omi tó dákẹ́ yìí pa ju èyí tó ń hó lọ. Ìdí rẹ̀ ò ṣòro: ẹ̀rù omi tó ń hó ń bà wá, a máa ń múra dè é. Ní Uganda, níbi tí Odò Nile ti ń ṣẹ̀, àwọn èèyàn máa ń sanwó kí wọ́n tó fi ọkọ̀ kékeré gun omi funfun láàárín àpáta, ṣeré ni wọ́n ń ṣe. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa wọ omi yẹn láìsí akoto lórí àti láìfù-jákẹ́ẹ̀tì láyà. Ẹni tó ń ṣeré wọ jákẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ lọ ní Baiyeku fi tirẹ̀ jókòó!

Kí lèyí kan Ìgbògbò?

Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Kò sí àpáta nínú ọ̀sà, ṣùgbọ́n ìtì gẹdú tó já kúrò lára èyí tí wọ́n ń wọ́ lọ sí Èkó ń bẹ níbẹ̀. Ewé omi tó ń há mọ́ ẹ́ńjìnnì ń bẹ níbẹ̀. Atẹ́gùn tó ń ṣáájú òjò ń bẹ níbẹ̀, ó sì lè sọ omi jẹ́ẹ́ di òkè àti àfonífojì kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Àjọ LASWA, tó ń bójú tó ojú omi Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 2008, àti NIWA ti ìjọba àpapọ̀, ti fòfin de ìrìn òru, wọ́n sì ní kí gbogbo èrò wọ jákẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ òfin ò sí nínú ọkọ̀ nígbà tí awakọ̀ bá ń pariwo pé, “Ẹ wọlé, Màmá, àyè ṣì wà.” Ìyá tó fẹ́ wọlé ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, kí ìyá béèrè: “Ọmọ mi, èèyàn mélòó ló yẹ kí ọkọ̀ yìí gbé?” Kí ó ka àwọn tó ti jókòó. Kí ó má gbàgbé pé ẹrù náà, èèyàn ni lójú omi: àpò ìrẹsì ńlá méjì wúwo ju àgbàlagbà kan lọ. Kí ó wo etí ọkọ̀. Bí omi bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a dọ́gba, kí ó sọ̀kalẹ̀. Kí ó gba jákẹ́ẹ̀tì, kí ó sì so okùn rẹ̀ dáadáa, kì í ṣe kí ó fi ṣe ìrọ̀rí ìdí. Bí òjò bá ṣú, kí ó bi àwọn apẹja tó wà létí omi. Bí wọ́n bá ti ń fa ọkọ̀ tiwọn gòkè, kí ló tún kù tó ń wá? Ọjà òní lè bọ́, ọjà ọ̀la ń bọ̀.

Bí ẹnì kan bá kọ̀ láti wọ ọkọ̀ àkúnfàya, awakọ̀ á bú u. Bí ìyá mẹ́wàá bá jọ kọ̀, awakọ̀ á já èrò sílẹ̀, nítorí owó wọn ló fi ń ra epo. Agbára yìí wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà, wọn ò tíì lò ó ni.

Ẹ̀yin tí bàbá yín tukọ̀ ní Baiyeku, ní Ọ̀fin, ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, ní Ìjẹ̀dẹ́ títí dé Ẹ̀pẹ́, ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀ fún yín. Ẹ kọ orúkọ wọn ránṣẹ́, ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé atẹ́gùn ń bọ̀ kó tó dé. Àwọn tó tu ọkọ̀ Lander àti ti Hourst kò rí ẹni kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Kí ó má ṣe rí bẹ́ẹ̀ fún tiwa.